Ìrèké, Ọ̀pẹ Tàbí Kajú? Bí Ẹgbẹ́ Kan Ní Sábẹ̀ Ṣe Yan Igi Tí Yóò Náwó Lé Lórí

Owó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ débi tí a ó pín in sọ́nà mẹ́ta. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan, tí àwọn tó wà ní Kùtọnu, Pàrákú àti ìlú òyìnbó ń dá owó sí, fẹ́ dá ibì kan sílẹ̀ tí wọn yóò ti máa tọ́ ọmọ igi, kí àwọn àgbẹ̀ kòmúùnù Sábẹ̀, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lè rí ojúlówó ọmọ igi rà ní owó tí kò gani lára. Igi kan ṣoṣo ni owó náà lè gbé ní ìbẹ̀rẹ̀. Èwo ni ká mú? Wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí pé ìpàdé méjì àkọ́kọ́ ti fọ́n ká pẹ̀lú ariwo. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún àwọn ìlú mìíràn tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀.

Sábẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ híhá. Ó fẹ̀ ju 2,200 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ètò ìkànìyàn ọdún 2013 sì ka ènìyàn bí 87,000 níbẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú kòmúùnù mẹ́fà tó wà ní ìpínlẹ̀ Collines. Nàìjíríà ni ààlà rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, ojú irin tó ti Kùtọnu lọ Pàrákú sì gba ibẹ̀ kọjá. Òjò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 1,100 mílímítà lọ lọ́dún, ọ̀gbẹlẹ̀ sì máa ń gùn, láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta. Ilẹ̀ pọ̀, omi kò pọ̀. Ohun méjì yìí ti yọ igi kan kúrò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé.

Ọ̀pẹ ni igi ọ̀hún. Bàbá kan tí ìyá rẹ̀ wá láti Pọ̀bẹ̀, ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ló gbé e kalẹ̀, ó sì ní ẹjọ́ tó dáa rò: láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọ̀bẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọmọ ọ̀pẹ alábùdá jáde, ọ̀pẹ tí kì í ga púpọ̀, tí ẹran ẹyin rẹ̀ sì nípọn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ń fẹ́ òjò tó tó 1,800 mílímítà, tó sì tàn ká ọdún dáadáa. Pọ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dá sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ń bá jà. Bí ọ̀pẹ bá ń rọ́jú ní Pọ̀bẹ̀, kí ni yóò ṣe ní Sábẹ̀? Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn ní ká má gbàgbé ilé ìyá òun ni.

Ẹnì kan dárúkọ òwú. Òwú kì í ṣe igi ọlọ́dún gbọọrọ, ọdọọdún ni wọ́n ń gbìn ín, a ò sì lè torí rẹ̀ dá ibi ìtọ́jú ọmọ igi sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìpínlẹ̀ Alibori ní àríwá ni ọba òwú ní Bẹ̀nẹ̀, Banikoara ló sì ń ṣíwájú níbẹ̀. Ní sáà 2020 sí 2021, Bẹ̀nẹ̀ kó òwú tó ju 700,000 tọ́ọ̀nù lọ, àríwá ló sì ti wá jù. Tíìkì náà kò pẹ́ lórí tábìlì. Igi tíìkì máa ń di ohun tí a lè gé ṣe òpó láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kó tó di pákó gidi, ó di ogún ọdún ó lé. Ẹni tó ní owó oṣù ní Kùtọnu lè dúró dè é. Ẹni tó ń fi owó irè oko san owó ilé-ìwé ọmọ kò lè dúró.

Ó wá ku ìrèké àti kajú, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń dá ariwo náà sílẹ̀.

Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò fún irú ọ̀ràn yìí kò le. A ó wo ìpín tí irè kan kó nínú gbogbo irè agbègbè wa, a ó wo ìpín tí irè kan náà kó nínú gbogbo irè orílẹ̀-èdè, a ó sì fi èkejì pín èkíní. Ká ní kòmúùnù kan ní 1,000 hẹ́kítà igi owó, tí 600 nínú rẹ̀ jẹ́ kajú. Ìpín kajú níbẹ̀ jẹ́ 0.6. Ká tún ní nínú gbogbo ilẹ̀ igi owó orílẹ̀-èdè, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni kajú. Ìyẹn jẹ́ 0.3. Ẹ fi 0.3 pín 0.6, ẹ ó rí 2. Bí ó bá ju 1 lọ, irè náà jinlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibòmíràn lọ, ó sì ṣeé ṣe kó máa ṣẹ́kù tí a ń tà síta. Bí kò bá tó 1, àwọn ẹlòmíràn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ. Béla Balassa, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n bí ní Húngárì, ló sọ irú ìpín yìí di ìlúmọ̀ọ́ká ní 1965 fún ọjà àwọn orílẹ̀-èdè. Àwọn tó ń ṣètò agbègbè ti ń lò ó ṣáájú rẹ̀.

Mo ṣe ìṣirò náà lójú wọn, lórí pátákó, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀: ìrèké gba ipò kìíní, ó sì fi kajú sílẹ̀ réré. Bàbá Alága wo àwọn tó ti ń pariwo kajú lójú, ó ní, “Ẹ ò rí i?” Inú bàbá kan tó ti gé ìrèké nígbà èwe rẹ̀ dùn débi pé ó dìde dúró.

Kò yẹ ká tètè dìde.

Ìrèké tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu lọ́jà. Ìrèké ilé-iṣẹ́ ṣúgà ni. Ọdún 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Sábẹ̀. Wọ́n la ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, wọ́n fa omi wọ inú oko, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe nǹkan bí 40,000 tọ́ọ̀nù ṣúgà lọ́dún, wọ́n sì fojú sí ọjà Nàìjíríà. Iṣẹ́ náà kò rìn bí wọ́n ṣe rò ó, ó dá dúró, nígbà tó sì di 2003, ìjọba fi ilé-iṣẹ́ náà háyà fún àwọn ará Ṣáínà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn bí i tirẹ̀ kò sí ní Bẹ̀nẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gbé àléébù ìṣirò náà pamọ́. Bí irè kan kò bá sí níbòmíràn rárá ní orílẹ̀-èdè, àfi lọ́dọ̀ wa nìkan, iye tí ìṣirò yóò bí fún un kò ní í ṣe pẹ̀lú bí irè náà ṣe pọ̀ tó. Ìbáà jẹ́ 5,000 hẹ́kítà, ìbáà jẹ́ hẹ́kítà kan péré, èsì kan náà ni: gbogbo ilẹ̀ igi owó orílẹ̀-èdè tí a fi ilẹ̀ igi owó tiwa pín. Ìrèké náà ti gé ara rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Ẹ fi àwọn iye àpẹẹrẹ yín ṣe é wò nílé, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ipò kìíní tí ìrèké gbà kò sọ ju pé ìjọba méjì ti pinnu nígbà kan pé Sábẹ̀ ni wọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ wọn sí. Kò sọ pé àgbẹ̀ Sábẹ̀ mọ ìrèké í gbìn ju àgbẹ̀ ibòmíràn lọ.

Mo bi bàbá agéréké náà pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tí ẹ ti gé ìrèké fún ọdún wọ̀nyẹn, ǹjẹ́ ẹ ní oko ìrèké tiyín?” Ó ní rárá o. Ó ní owó iṣẹ́ ni àwọn ń gbà, bí iṣẹ́ bá ti parí, oníkálukú á padà sí oko iṣu rẹ̀. Mo tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn ń gbin ìrèké fún ara rẹ̀ láti tà fún ilé-iṣẹ́. Kò sí ẹni tó nawọ́. Bí a bá dá ibi ìtọ́jú ọmọ ìrèké sílẹ̀, ta ni yóò wá rà á? Ẹni kan ṣoṣo, ìyẹn ilé-iṣẹ́ náà, tí kò béèrè lọ́wọ́ wa.

A wá fi ìbéèrè mẹ́ta mìíràn kún ìṣirò àkọ́kọ́: ṣé irè náà ń gbilẹ̀ sí i? Ilé mélòó ló ń ti ọwọ́ rẹ̀ jẹun? Kí ló ń kù sí ìlú nínú owó rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kó ọjà lọ? Èyí tó kẹ́yìn yìí jẹ mọ́ ohun tí Albert Hirschman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, tẹnu mọ́ ní 1958, pé iṣẹ́ tó yẹ ká fi síwájú ni èyí tó ń fa iṣẹ́ mìíràn mọ́ra, lẹ́yìn rẹ̀ àti níwájú rẹ̀. Mo kà á sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ.

Ibí yìí ni kajú ti gba ipò. Kò sí abúlé kan ní Sábẹ̀ tí a ó dé tí a kò ní rí i. Lẹ́yìn òwú, kajú ni irè oko kejì tí Bẹ̀nẹ̀ ń tà sókè òkun. Nígbà tí ìjọba pín orílẹ̀-èdè sí agbègbè iṣẹ́ àgbẹ̀ méje ní 2017, wọ́n fi Collines, gúúsù Borgou àti Donga pọ̀ sí ọ̀nà kan, kajú sì ni wọ́n fi ṣe òpómúléró rẹ̀. Igi tí ẹ̀dá rẹ̀ ti Bùràsíìlì wá, tí àwọn Potogí gbé wá sí Áfíríkà, ti wá mọ ilẹ̀ olókùúta wa bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń pa ọ̀pẹ gan-an ni kajú ń fẹ́, nítorí ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń tanná. Bí òjò tàbí kùrukùru bá bọ́ sí àkókò ìtànná náà, òdòdó á jóná dúdú, ìkórè á sì kéré. Láti oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣa á, ìyẹn àkókò tí owó ti tán lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí iṣu tuntun kò sì tíì dé. Àwọn ará ìlú mọ ìwúlò èyí ju èmi lọ. Ìyàwó ń bẹ tí wọ́n fi owó kajú fẹ́ ní Sábẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má fi kajú ṣe òrìṣà. Ọ̀pọ̀ oko àtijọ́ kì í mú ju 300 sí 500 kìlógíráàmù wá lórí hẹ́kítà kan. Èso tí wọ́n kàn ṣà nílẹ̀ ni àwọn bàbá wa gbìn, wọ́n gbìn ín pọ̀ gádígádí, igi ń du oòrùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá ló yẹ kó wà láàárín igi méjì, èyí tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún igi lórí hẹ́kítà. Bí ẹ bá sọ èyí fún ẹni tó ní igi tó ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ, pé kó gé èyí tó ju ìdajì lọ, yóò wò yín bí ẹni tó ní kó pa ọmọ rẹ̀. Iná ìgbẹ́ tún ń bẹ. Nígbà ọyẹ́, ọdẹ á dáná sun ìgbẹ́, darandaran á sun koríko kí tútù lè yọ, oko kajú ọdún mẹ́wàá á sì di eérú ní ọ̀sán kan.

Oníṣòwò kan, ìyá tó ń ra kajú jọ láti abúlé dé abúlé, ló fi bí a ṣe ń díwọ̀n rẹ̀ hàn wá, mo sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Èso tútù kò ṣeé tọ́jú. Ó ní èyí tó bá jábọ́ fúnra rẹ̀ ni kí a ṣà, kí a má já a lórí igi. Kí a sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àpò jútì ni kí a kó o sí, kì í ṣe ti náílọ́ọ̀nù. Nígbà tí òǹrajà ńlá bá dé, yóò bu díẹ̀ nínú àpò, yóò la èso kọ̀ọ̀kan, yóò ya èyí tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹrà àti èyí tó sunkì, yóò sì wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń wá ni iye pọ́n-ùn ojúlówó inú èso tí yóò jáde nínú àpò 80 kìlógíráàmù. Bí ó bá jẹ́ 48, ìyẹn nǹkan bí kìlógíráàmù 22, ìdá kan nínú mẹ́rin ó lé díẹ̀. Iye yẹn ló ń sọ owó ọjà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò tíì rí i kí wọ́n la kajú tirẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Wọ́n kàn ń gbé e lé orí ìwọ̀n ni. Ìjọba máa ń kéde iye tí owó kìlógíráàmù kan kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n lọ́nà abúlé tó jìn, ẹni tó ní ọkọ̀ ló ń kéde.

Ìyá yìí kan náà ló dá wàhálà gidi sílẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́ títí a fi ń sọ pé kajú ló borí, ó wá ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ ni igi. Àwa obìnrin la ń ṣà á, àwa la ń sá a. Bí ẹ bá tún pín ọmọ igi, ta lẹ fẹ́ pín in fún?”

Ilé dákẹ́. Gbogbo wa mọ ohun tó ń sọ. Ní Sábẹ̀, bí i ní ọ̀pọ̀ ibi ní Collines, igi ni ẹ̀rí ilẹ̀. Ẹni tó gbin igi ọlọ́dún gbọọrọ ti sọ pé ilẹ̀ yìí jẹ́ tòun. Nítorí náà, àlejò tó ti òkè Atacora tàbí ìhà Àgbómẹ́ wá dáko lọ́dọ̀ wa lè gbin iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà àti sóyà. Bí ó bá gbin kajú, ìjà dé. Obìnrin náà, ilẹ̀ ọkọ tàbí ilẹ̀ bàbá ni wọ́n ń yá a, fún sáà kan. Láti ìgbà tí owó kajú ti gòkè, àwọn onílẹ̀ kan ti ń sáré gbin kajú yí ilẹ̀ wọn ká kí ẹnikẹ́ni má baà bá wọn dù ú, àlejò tó ń bọ́ ìlú á sì bọ́ sẹ́yìn. Bí a bá pín ọmọ igi ní ọ̀fẹ́ láìsọ ohunkóhun nípa ilẹ̀, owó ẹgbẹ́ ni a ó fi lé àwọn ènìyàn kúrò lóko. Kò sí ìṣirò tó ń sọ èyí fúnni, a ní láti béèrè rẹ̀ ni.

Òfin ilẹ̀ ti 14 oṣù Kẹjọ 2013 fàyè gba ìwé fún ilẹ̀ àjogúnbá, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ kọ́ ni àlejò ń wá. Ohun tó ń wá ni àyè láti jẹ èrè igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Lẹ́yìn awuyewuye púpọ̀, èyí tí wọ́n gbà ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ igi sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé àdéhùn wá, tí òun àti onílẹ̀ fọwọ́ sí níwájú olórí abúlé: ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀, èso ni wọn yóò máa pín, ọdún tí àdéhùn yóò dópin sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bàbá Alága kò fẹ́ràn èyí. Ó ní yóò bí ẹjọ́. Mo gbà pé yóò bí ẹjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó ní ìwé sàn ju ẹjọ́ tó ní àdá.

Ọ̀ràn pípa èso ló kù. Ní 2024 ni Bẹ̀nẹ̀ fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì pa jáde lórílẹ̀-èdè. Láti 2022 ni wọ́n ti kéde pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Èrò ìjọba ni pé kí a máa pa á nílé, pàápàá ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ Glo-Djigbé, kí iṣẹ́ tó ń lọ sí Íńdíà àti Fíẹ́tínáàmù lè dúró sọ́dọ̀ wa. Èrò rere ni, èmi náà sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti Sábẹ̀ dé Glo-Djigbé ju 200 kìlómítà lọ. Bí a bá fi ojú orílẹ̀-èdè wò ó, iṣẹ́ náà ti wálé. Bí a bá fi ojú Sábẹ̀ wò ó, ó ṣì wà lókè òkun. Òǹrajà tún ti dín kù, nítorí àwọn tó ń rà á lọ sí ẹ̀yìn odi kò yẹ kó máa wá mọ́, bí òǹrajà bá dín kù, wọ́n máa ń tẹ owó ọjà mọ́lẹ̀. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ lójú rí: láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020 tí Nàìjíríà ti ẹnu ibodè, ọ̀pọ̀ ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló dúró gbagidi.

Àwọn ọ̀dọ́ kan fẹ́ kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń pa kajú kí wọ́n máa pa á níbí. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Epo tó wà nínú èèpo kajú máa ń bó ọwọ́, ó ń fẹ́ ìbọ̀wọ́, ó ń fẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ó sì ń fẹ́ owó tí a ó fi ra èso pamọ́ fún odidi ọdún, nítorí oṣù mẹ́rin péré ni èso wà lọ́jà. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré ti sábà máa ń wó lulẹ̀. Ohun tí a lè ṣe báyìí ni pèpéle tí a ó ti máa sá a, ilé tí a ó kó o sí, àti ọ̀bẹ tí a fi ń la kajú pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí àgbẹ̀ lè mọ iye inú èso rẹ̀ kí òǹrajà tó dé.

Báyìí ni wọ́n ṣe pinnu: ọmọ kajú tí a lẹ ẹ̀ka igi mìíràn mọ́ lára ni ibi ìtọ́jú náà yóò máa tọ́, láti ara àwọn igi tó ń so jù ní kòmúùnù náà ni wọn yóò sì ti máa gé ẹ̀ka ọ̀hún. Apá kan nínú ọmọ igi ti di ti àwọn obìnrin ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó tò. Ẹni tí kò bá la ọ̀nà tí iná kò lè ré kọjá yí oko rẹ̀ ká kò ní gba ọmọ igi lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín igi, iṣu, ẹ̀pà tàbí sóyà ni wọn yóò máa gbìn títí ẹ̀ka yóò fi pàdé, kí oúnjẹ má baà sá kúrò nílùú. Wọ́n fi ìrèké sílẹ̀. Bàbá agéréké ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ fún ogún igi. Akọ̀wé béèrè pé ṣé ilẹ̀ rẹ̀ ni, bàbá ní ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni, akọ̀wé sì na fọ́ọ̀mù àdéhùn sí i.